Bí A Ṣe Lè Ṣírò Ìbú Ọ̀nà Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Ó Tó Fún Àwọn Tí Ń Lo Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Láti Òkèèrè

Gbólóhùn kan wà tí ó ti sú ọ̀pọ̀ ará ìlú láti máa gbọ́ níwájú tábìlì òṣìṣẹ́: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà wá lọ́la, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì." Ẹni tí ó ti ìlú jíjìn wá gba ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí ọmọ rẹ̀, tàbí àgbàlagbà tí ó wá wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì, yóò tún san owó ọkọ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí rárá. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà tí a là kò gba iye ènìyàn tí ń gba ibẹ̀ kọjá.

Lóde òní, òṣìṣẹ́ lè jókòó sí ilé rẹ̀, tàbí sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ó sì máa lo kọ̀ǹpútà tí ó wà ní olú-ìlú bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀. Láti ọdún 1998 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ti fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú Windows NT 4.0, ẹ̀dà Terminal Server, òun ni a sì mọ̀ sí Remote Desktop lónìí. Àwọn ètò mìíràn bíi VNC, TeamViewer àti AnyDesk náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí ọ́fíìsì, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn tàbí oníṣòwò ṣe lè mọ ìwọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yẹ kí òun rà kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè máa lọ déédéé. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó ra èyí tí ó kéré jù yóò dá àwọn ènìyàn dúró lórí ìlà. Ẹni tí ó ra èyí tí ó tóbi jù yóò fi owó ṣòfò lóṣooṣù.

Ohun tí ó ń gba ọ̀nà náà kọjá

Ìbú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń pè ní bandwidth, ni iye ìsọfúnni tí ọ̀nà kan lè gbé kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó dà bí títì ọlọ́kọ̀: bí títì bá fẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yóò lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti òkèèrè, fáìlì tí ó ṣí kò kúrò ní ọ́fíìsì. Ohun méjì péré ni ó ń rìn lójú ọ̀nà. Èkíní ni ohun tí òṣìṣẹ́ náà fi ọwọ́ ṣe, ìyẹn lẹ́tà tí ó tẹ̀ àti ibi tí ó gbé máúsì lọ. Èyí kéré púpọ̀. Èkejì ni àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì ń fi ránṣẹ́ padà sí i. Àwòrán yìí ni ó ń jẹ ìbú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹrù yìí ì bá ti wúwo tó bí kò bá sí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ lónìí ní ààmì àwọ̀ kéékèèké 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní gígùn, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 2,073,600. Bí ààmì kọ̀ọ̀kan bá gba bíìtì 24, tí àwòrán sì ń yí padà ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun tí a ó máa fi ránṣẹ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábíìtì 1,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kan ṣoṣo. Ọgbọ́n tí ètò náà ń lò ni pé apá ibi tí ó yí padà nìkan ni ó ń fi ránṣẹ́, yóò sì ti fún un pọ̀ kí ó tó gbé e sọ́nà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń tẹ lẹ́tà fi lè lo nǹkan bí ìdá kan péré nínú 10,000 ìwọ̀n yẹn. Ìdí náà sì nìyí tí ẹni tí ń wo fídíò fi ń jẹ ọ̀nà ju akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà: gbogbo ojú ibi tí fídíò náà wà ni ó ń yí padà láìdákẹ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bíìtì àti báìtì

Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ni ó ń ti ibí yìí wá. Báìtì kan jẹ́ bíìtì 8. Iyára ọ̀nà ni a ń fi bíìtì wọ̀n, a ó sì máa kọ ọ́ ní kbps àti Mbps gẹ́gẹ́ bí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ti ń kọ ọ́: 1,000 kbps ni 1 Mbps. Dátà tí a ń rà sórí fóònù ni a ń fi báìtì kà: MB àti GB. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó jẹ́ 8 Mbps kò lè gbé ju MB 1 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó bá ro pé MB 8 ni òun rà ti fi ìlọ́po mẹ́jọ tan ara rẹ̀ jẹ.

Ìwọ̀n tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè

Nínú ìtọ́nisọ́nà tí Microsoft gbé jáde fún àwọn tí ń lo ètò rẹ̀, àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ni a rí fún ojú kọ̀ǹpútà oní 1,920 sí 1,080:

- Ojú kọ̀ǹpútà tí ó ṣí sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn: 0.3 kbps
- Títẹ ìwé nínú Word: 100 sí 150 kbps
- Ìṣírò nínú Excel: 150 sí 200 kbps
- Wíwo àwọn fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan: 3.3 sí 3.6 Mbps
- Ṣíṣí àwọn ojú-ìwé PowerPoint: 4 sí 4.5 Mbps
- Lílọ káàkiri lórí àwọn ojú-òpó ayélujára: 6 sí 6.5 Mbps
- Fídíò tí ó gba ìdajì ojú kọ̀ǹpútà: 8.5 sí 9.5 Mbps

Ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀n tí ó kéré jù nínú àwọn wọ̀nyí àti èyí tí ó tóbi jù kò sún mọ́ ara wọn rárá. Nítorí náà, ìbéèrè pé "Mélòó ni òṣìṣẹ́ kan ń lò?" kò ní ìdáhùn, àfi bí a bá kọ́kọ́ béèrè pé "Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe?"

Fún ẹnì kan tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà dá ìmọ̀ràn mìíràn tí ó rọrùn: 1.5 Mbps fún iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bíi kíkọ orúkọ àti iye owó sínú ìwé. 3 Mbps fún iṣẹ́ àárín. 5 Mbps fún iṣẹ́ tí ó wúwo. 15 Mbps fún àwọn tí ń ya àwòrán onípele mẹ́ta tàbí tí ń ṣe fídíò. Ìmọ̀ràn yìí fi àyè sílẹ̀ fún ìgbà tí iṣẹ́ bá dédé pọ̀ sí i. Ó dára fún ẹnì kan nílé, ṣùgbọ́n bí a bá kàn fi iye òṣìṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀ fún odindi ọ́fíìsì, a ó ra ju ohun tí a nílò lọ.

Ìgbésẹ̀ ìṣírò fún ọ́fíìsì

A ó fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ́fíìsì kan ní òṣìṣẹ́ 40 tí ó ní àṣẹ láti máa lo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ láti òkèèrè.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni kí a mọ iye ènìyàn tí ń wọlé ní wákàtí tí ó kún jù. Iye ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Ẹ ka àwọn tí ó wà lórí ètò náà fún odindi oṣù kan, nítorí pé àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò rí bí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ tí a ń ṣètò owó oṣù kò sì rí bí ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ká sọ pé ènìyàn 30 ni a rí.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí a pín wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn. Nínú 30 yìí, 20 ń tẹ ìwé tí wọ́n sì ń ṣírò owó. 8 ń ṣiṣẹ́ lórí ojú-òpó ayélujára. 2 ń wo àwòrán ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kí a ṣírò ẹrù ìpín kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 20 ní 200 kbps jẹ́ 4 Mbps. Àwọn 8 tí ń lo ojú-òpó ayélujára kì í fa ojú-ìwé wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn kan ti ń ṣí i, àwọn mìíràn ń kà á. Bí a bá ka ìdajì wọn, ènìyàn 4 ní 6.5 Mbps jẹ́ 26 Mbps. Ènìyàn 2 tí ń wo àwòrán ilẹ̀ ní 3.6 Mbps jẹ́ 7.2 Mbps. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 37.2 Mbps.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni kí a rántí àwọn tí ń bá wa pín ọ̀nà náà. Ọ́fíìsì ń fi ímeèlì ránṣẹ́, ó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ sí ibòmíràn, kámẹ́rà ààbò rẹ̀ sì lè máa fi fídíò ránṣẹ́ síta. Bí gbogbo èyí bá jẹ́ 10 Mbps, a ti dé 47.2 Mbps.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni kí a fi àyè sílẹ̀. Bí ọ̀nà bá kún dé etí, ìdádúró yóò dé bá gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tí ń tẹ lẹ́tà kan péré. VPN tí a fi ń dáàbò bo ọ̀nà náà yóò sì fi ẹrù tirẹ̀ kún un. A dábàá pé kí a fi ìdá 30 nínú 100 kún àpapọ̀ náà: 47.2 yóò di nǹkan bí 61 Mbps. Ohun tí ọ́fíìsì yìí yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Ẹ wo bí ìṣírò ojú lásán ì bá ti ṣì wá lọ́nà. Ẹni tí ó bá fi òṣìṣẹ́ 40 sọ 5 Mbps di púpọ̀ yóò ra 200 Mbps, ó sì ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ọ́fíìsì náà nílò lọ. Ẹni tí ó bá ro pé gbogbo wọn kàn ń tẹ ìwé ni, tí ó fi 40 sọ 150 kbps di púpọ̀, yóò ra 6 Mbps, ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá ṣí ojú-òpó ayélujára yóò sì gba gbogbo rẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Ọ̀nà ìjáde ni kí ẹ wò ní ọ́fíìsì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti ń kùnà. Ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ní apá méjì: ìwọlé, tí àwọn ètò ìdánwò ń kọ ní download, àti ìjáde, tí wọ́n ń kọ ní upload. Ẹni tí ó wà nílé ń gba àwòrán wọlé, nítorí náà ìwọlé ni ó ṣe pàtàkì fún un. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà wà ní inú rẹ̀ ń fi àwòrán jáde sí gbogbo ènìyàn. Ìjáde ni òun nílò.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń tà fún ilé ni ìjáde wọn kéré sí ìwọlé wọn gan-an, iye ìwọlé ni wọ́n sì máa ń kọ gàdàgbà sí ara pátákó ìpolówó. Ọ́fíìsì tí ó ra 100 Mbps tí ìjáde rẹ̀ kò ju 20 Mbps lọ ti ra 20 Mbps fún iṣẹ́ tí a ń sọ yìí. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye ìjáde sínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé sáfà wà ní sẹkitéríà, tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ń lò ó láti ọ̀nà jíjìn, ìṣírò kan náà ni, àmọ́ ìwọlé ni ọ́fíìsì ìbílẹ̀ yóò wò, ìjáde ni sẹkitéríà yóò wò.

Ìdádúró: ohun tí ìbú ọ̀nà kò lè wò sàn

Títì lè fẹ̀ kí ó sì gùn. Bí òṣìṣẹ́ bá tẹ lẹ́tà kan, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ rìn dé ọ́fíìsì, kí àwòrán rẹ̀ sì padà wá, kí ó tó rí i. Àkókò ìlọ-àti-bọ̀ yìí ni a ń fi millisecond wọ̀n, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí kò bá ju 150 lọ, iṣẹ́ yóò máa lọ dáadáa. Bí ó bá ti kọjá 200, ọwọ́ yóò máa ṣáájú ojú, òṣìṣẹ́ yóò sì máa tẹ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí sáfà wà ṣe kókó. Ìmọ́lẹ̀ nínú wáyà fáíbà ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìlọ-àti-bọ̀ láàárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jìnnà sí ara wọn tó nǹkan bí kìlómítà 5,000, kò lè dín ní millisecond 50 bí ó ti wù kí a sanwó tó. Sátẹ́láìtì tí ó dúró ní kìlómítà 35,786 lókè ayé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìrìn àjò lásán lọ sókè àti sílẹ̀ yóò gba nǹkan bí millisecond 480. Àwọn sátẹ́láìtì tí ó sún mọ́ ilẹ̀, bíi ti Starlink tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, kò ga ju nǹkan bí kìlómítà 550 lọ, ìdádúró wọn sì kéré gan-an sí ti ìṣáájú.

A kò sì ní gbàgbé ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ ní ìtòsí etíkun Côte d'Ivoire, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nínú ìpínlẹ̀ wa tàbí ní Èkó kò ní láti sọdá òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó yẹ kí a ro èyí mọ́ iye owó nígbà tí a bá ń yan ibi tí a ó gbé sáfà sí.

Láti wọn ìdádúró, ẹ ṣí Command Prompt lórí Windows, kí ẹ kọ ping, kí ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe é láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá ń fò sókè sódò, ó lè jẹ́ Wi-Fi ni ó ń fa wàhálà; ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ router pẹ̀lú wáyà, kí ẹ sì tún un wò.

Iye dátà tí yóò ná òṣìṣẹ́ nílé

Owó dátà sábà máa ń jáde láti àpò òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà ó tọ́ kí ó mọ iye rẹ̀. Ẹ fi 8 pín iye kbps, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 3,600 tí ó wà nínú wákàtí kan sọ ọ́ di púpọ̀. Títẹ ìwé ní 150 kbps láìdúró fún wákàtí kan yóò ná MB 67.5. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 6 lójúmọ́ ní ọjọ́ 22, yóò ná nǹkan bí GB 9 lóṣù. Àmọ́ fídíò tí ó ń lo 9 Mbps yóò ná GB 4 àti díẹ̀ láàárín wákàtí kan péré. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti jẹ dátà oṣù kan.

Ohun tí ó lè mú ẹrù náà fúyẹ́

Kí ẹ tó lọ ra ọ̀nà tí ó fẹ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ dín ẹrù kù. Ẹ má ṣe wo fídíò tàbí ṣe ìpàdé orí fídíò láti inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ẹ ṣe é lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú yín. Ojú-òpó ayélujára tí kò nílò ààbò ọ́fíìsì, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tiyín. Ẹ yọ fọ́tò tí ó wà lẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kúrò. Nínú ètò Remote Desktop, abẹ́ Experience wà níbi tí ẹ ti lè yan iyára tí ó bá ọ̀nà yín mu. Ẹ má ṣe máa kó fáìlì ńlá wá sílé láti ta á lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà tí ojú ọ̀nà kún. Ẹ sì jẹ́ kí títọ́jú ẹ̀dà fáìlì ọ́fíìsì máa wáyé lóru.

Ààbò ìwé àwọn ará ìlú

Ọ̀nà tí ó kéré jù tún ní ewu mìíràn. Nígbà tí ètò bá ń fà, òṣìṣẹ́ yóò fẹ́ kó àkọsílẹ̀ sínú flash lọ sílé kí iṣẹ́ lè yá. Orúkọ, àdírẹ́sì àti ìtàn àìsàn àwọn ènìyàn ni ó kó sínú àpò yẹn, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì de ẹnikẹ́ni tí irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bákan náà, ẹ má ṣe ṣí ilẹ̀kùn 3389, èyí tí Remote Desktop ń gbà, sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá a kiri tọ̀sán tòru. Ẹ gba inú VPN kọjá, kí ẹ sì máa béèrè ẹ̀rí kejì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwọlé nìkan.

Kí ẹ tó san owó

Ẹ kọ iye tí ẹ ṣírò sílẹ̀, kí ẹ fi í dánra wò. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn márùn-ún lo ètò náà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wo iye ìjáde gidi lórí router, kí ẹ sì tún ìṣírò yín ṣe kí ẹ tó pè gbogbo òṣìṣẹ́ wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, ẹ máa wọn ọ̀nà náà lóṣooṣù. Bí ohun tí ẹ ń rí bá dín sí ohun tí ó wà nínú àdéhùn, ẹ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ tí ó tà á fún yín, kí ẹ sì tọ́jú àkọsílẹ̀ ìdánwò yín. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ lè pe àjọ NCC lórí nọ́ńbà 622, ọ̀fẹ́ ni.

Iṣẹ́ ìṣírò yìí kò gbà ju ọ̀sán kan lọ lẹ́yìn tí a bá ti ka iye ènìyàn. Èrè rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá bá dé iwájú tábìlì, òṣìṣẹ́ yóò lè ṣí ìwé rẹ̀, yóò sì lè jẹ́ kí ó padà sílé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ohun tí ó wá gbà.